Ẹnu Dùn-ún Ròfọ́: Báwo La Ṣe Ń Wọn Ọkàn Àwọn Ènìyàn Lórí Àjẹsára?

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìlera sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn níbi ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

   

Nígbà tí àwọn aṣáájú wa ní kí àwa Ìgbìmọ̀ Ìlera wá sọ̀rọ̀ lónìí, a rò ó sọ́tùn-ún, a rò ó sósì. Ọ̀rọ̀ àjẹsára kì í ṣe tuntun létí yín. Rédíò ń sọ ọ́, nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́, ọkọ̀ agbóhùnsókè ń gba àárín ọjà kọjá, ó ń pariwo rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé a wá tún un sọ fún yín pé àjẹsára dára. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n la bá wá. Báwo lèèyàn ṣe lè mọ bí ọkàn àwọn ará ọjà kan ṣe rí sí àjẹsára, kó sì mọ bí wọ́n ṣe dúró tì í tó?

Òṣùwọ̀n kò ṣàjèjì sí àwa ọlọ́jà. Kọ̀ǹgò la fi ń wọn gàrí àti ìrẹsì, yáàdì la fi ń wọn aṣọ, kẹ́ẹ̀gì la fi ń wọn epo. A sì mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ti tẹ ìdí kọ̀ǹgò wọnú, oníbàárà ti jìyà nìyẹn, bó ti wù kí ó kún tó lókè. Ọkàn èèyàn náà ní kọ̀ǹgò tirẹ̀. Bí a bá fi èyí tí ìdí rẹ̀ ti wọnú wọ̀n ọ́n, ọmọ wa ni yóò jìyà rẹ̀.

ẸNU YÀTỌ̀, ÌWÉ YÀTỌ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nínú ilé tiwa. Bí ẹni tuntun bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́, a máa ń bi í pé, "Ṣé ẹ ó lè máa dá owó déédéé?" Ta ló máa sọ pé òun kò ní lè ṣe é? Gbogbo wọn ló ń dáhùn pé, "A ó ṣe é, lágbára Ọlọ́run." Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá, ìwé ìfowópamọ́ la máa ń ṣí wò. Ẹni tí kò dá owó rárá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó dá a lẹ́ẹ̀kan tí a kò rí i mọ́, ó nífẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́, àmọ́ nǹkan kan dí i lọ́nà. Ẹni tó ń dá a lójò lẹ́ẹ̀rùn, òun là ń pè ní ẹni tó dúró ti ẹgbẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àjẹsára ọmọ. Káàdì ọmọ ni ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀. Ọmọ á gba tirẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14, yóò gba abẹ́rẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Penta, èyí tó ń dènà àrùn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Bó bá pé oṣù 9, yóò gba ti èéyi àti ti ibà pọ́njúpọ́ntọ̀. Ní oṣù 15, yóò tún gba ti èéyi lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ fi ojú sí Penta mẹ́ta yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n náà wà. Ìyá tó gbé ọmọ lọ gba àkọ́kọ́ ti fi hàn pé òun fẹ́. Ìyá tó gbé e lọ gba ẹ̀kẹta ti fi hàn pé òun dúró tì í. Ká sọ pé ọmọ 20 ló gba àkọ́kọ́ ní ọjà kan, tí 15 péré sì gba ẹ̀kẹta. Márùn-ún ló já bọ́ lọ́nà, ìyẹn 25 nínú 100. Àwọn onímọ̀ ìlera ní bí iye tó já bọ́ bá ti ju 10 nínú 100 lọ, nǹkan kan ń ṣe níbẹ̀, ó sì yẹ ká wádìí rẹ̀.

Àmọ́ ẹ kíyè sí i o. Ìyá àwọn ọmọ márùn-ún yẹn kò kọ àjẹsára. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn lọ gba àkọ́kọ́. Bí a bá wá pè wọ́n ní olórí kunkun, tí a tún rán ọkọ̀ agbóhùnsókè sí wọn, a ti fi kọ̀ǹgò tí ìdí rẹ̀ wọnú wọ̀n wọ́n.

OHUN MẸ́TA TÓ Ń FA ÌFÀSẸ́YÌN

Ní ọdún 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní WHO, yan ìgbìmọ̀ kan pé kó wádìí ohun tó ń mú kí àwọn ènìyàn máa lọ́ra láti gba àjẹsára. Ní 2014 ni wọ́n jábọ̀. Wọ́n ní ohun mẹ́ta ló yẹ ká máa wò: ìgbẹ́kẹ̀lé, fífi ojú kékeré wo àìsàn, àti ìrọ̀rùn. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí oògùn ọ̀kan kì í wo èkejì sàn.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ni àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ wa rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè Ọya ní 2003. Àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀, tí Kano wà lára wọn, dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró, torí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti fi ohun tí kì í jẹ́ kí obìnrin bímọ sínú rẹ̀. Ìfura yẹn kò ṣàdédé wáyé. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọ ní Kano, ilé-iṣẹ́ apoògùn òkèèrè kan dán oògùn tuntun wò lára àwọn ọmọ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ẹjọ́ ọlọ́pọ̀ ọdún. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, ó lè sá. Ariwo kọ́ ló tán ìfura náà. Wọ́n jókòó ti àwọn ọba àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn, wọ́n yẹ oògùn náà wò, wọ́n sì lọ ra àjẹsára láti Indonesia, orílẹ̀-èdè tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí. Ní 2004 ni Kano tó padà bẹ̀rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, àrùn yìí ti gbéra láti Nàìjíríà dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, títí tó fi dé Indonesia fúnra rẹ̀ ní 2005. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àbáláyé ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Irú rẹ̀ mìíràn, tó máa ń yọjú níbi tí àjẹsára kò bá ti kárí, ṣì ń yọ wá lẹ́nu. Ẹ wo iye ọdún tí àìní ìgbẹ́kẹ̀lé gbà lọ́wọ́ wa.

Ìkejì ni fífi ojú kékeré wo àìsàn. Ẹ̀yin ìyá wa àgbà, ọ̀pọ̀ yín ṣì ní àpá àjẹsára Olóde lápá. Ẹni tó ti rí ohun tí ilẹ̀ gbígbóná ṣe nílé aládùúgbò rẹ̀ kì í dúró kí wọ́n ṣàlàyé púpọ̀ fún un. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti parẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n ìyàwó kékeré òde òní kò rí Olóde rí. Bóyá ni ó rí ọmọ tí rọpárọsẹ̀ mú ní àdúgbò rẹ̀. Àjẹsára ti ṣiṣẹ́ débi pé àìsàn náà kò sí lójú mọ́, ẹni tí kò rí àìsàn á wá máa bi ara rẹ̀ pé kí lòun ń wá lọ. Kò ní ẹ̀tanú sí àjẹsára o, kò kàn rí ìdí rẹ̀ ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìtàn ẹnu àwọn àgbà ló lè ràn án lọ́wọ́.

Ìkẹta ni ìrọ̀rùn. Ọ̀fẹ́ ni àjẹsára ọmọ ní ilé ìwòsàn ìjọba, àmọ́ owó ọ̀kadà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí ọjọ́ àjẹsára bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kí ni kí ẹni tó ń ta tòmátò ṣe? Tòmátò kì í dúró de ọ̀la.

Ẹ sì jẹ́ ká fi ti kòrónà kún un. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ìjọba ba àjẹsára kòrónà tó lé ní 1 mílíọ̀nù jẹ́ ní Àbújá, torí pé ọjọ́ wọn ti kọjá. Àwọn kan ní, "Ẹ ò rí i, àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ̀ ọ́." Ṣùgbọ́n ìjọba ṣàlàyé pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù kí ọjọ́ wọn pé nígbà tí wọ́n kó wọn dé látòkèèrè. Òótọ́ ni pé àwọn mìíràn kò fẹ́ ẹ. Àmọ́ bí tòmátò bá ti rọ̀ kó tó dé ọjà, tí kò sì tà, ṣé oníbàárà nìkan lẹ ó dá lẹ́bi? Òṣùwọ̀n tí kò bá bi ìdí, ẹ̀bi ẹlòmíràn ló máa gbé lé wa lórí.

FARANSÉ, RWANDA ÀTI ÀWA NÁÀ

Ẹnì kan lè bi wá pé, "Ṣé kì í ṣe pé ẹni tó bá gbà á gbọ́ náà ló máa gba abẹ́rẹ́ rẹ̀?" Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní 2018, àjọ Wellcome ti ìlú London mú kí wọ́n bi àwọn ènìyàn tó lé ní 140,000 léèrè ọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 140. Ní Rwanda, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló ní àjẹsára kò léwu. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ní òun kò gbà pé kò léwu. Síbẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ Faransé ló ń gba àjẹsára wọn, torí ilé ìwòsàn sún mọ́ wọn, òfin sì wà. Ní ọdún 2018 kan náà ni òfin wọn sọ àjẹsára dandan di 11, láti 3 tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ rí i pé ẹnu lè máa ráhùn kí káàdì sì kún.

Àwa ńkọ́? Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ ìdílé àti ìlera ní 2018 fi hàn pé, nínú 100 ọmọ tó wà láàárín oṣù 12 sí 23, 31 péré ló gba gbogbo àjẹsára ìpìlẹ̀ pé. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2023 sí 2024, ó di 39. Ó gòkè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé nínú ọmọ mẹ́wàá, nǹkan bí mẹ́fà ni káàdì wọn kò pé. Bí ẹ bá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà yìí, tí ẹ ń bi ìyá kọ̀ọ̀kan bóyá àjẹsára dára, mélòó ló máa sọ pé kò dára? Àlàfo tó wà láàárín ẹnu àti káàdì yẹn gan-an ni a ní láti wádìí.

BÍ A ṢE Ń BÉÈRÈ

Bí Ìyálọ́jà wa bá ní kí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn àjẹsára nawọ́ sókè nísinsìnyí, gbogbo ọwọ́ ni yóò lọ sókè. Ọ̀wọ̀ tí a ní fún Ìyálọ́jà la wọ̀n yẹn, a kò tíì wọn ọkàn ẹnikẹ́ni. Ọmọ Yorùbá kì í wo ojú àgbà kó sọ fún un láwùjọ pé òun kò fẹ́. Bákan náà ni bí nọ́ọ̀sì bá bi wá níwájú èrò, ohun tó fẹ́ gbọ́ la máa sọ fún un, ká lè tètè padà sídìí ọjà wa.

Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ọ̀nà ìbéèrè kan jáde tí ó ní apá mẹ́rin: ohun tí èèyàn ń rò lọ́kàn, ohun tí àwọn tó yí i ká ń sọ, ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́, àti ohun tó ń dí i lọ́nà. Àwa náà ti fi èdè ọjà wa to ìbéèrè márùn-ún lórí rẹ̀:

1. Lójú tiyín, báwo ni àjẹsára ti ṣe pàtàkì tó fún ọmọ yín? Ṣé ohun kan wà nípa rẹ̀ tó ń bà yín lẹ́rù?
2. Ta ni ẹ máa ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ lọ? Kí ni bàbá ọmọ, ìyá ọkọ, pásítọ̀ tàbí àlùfáà yín ń sọ sí i?
3. Ṣé gbogbo àjẹsára lẹ fẹ́ kí ọmọ yín gbà, àbí díẹ̀, àbí ẹ kò fẹ́ ìkankan?
4. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń fún un àti ọjọ́ rẹ̀? Èló ni ẹ ń ná àti wákàtí mélòó ni ẹ ń lò?
5. Ìgbà tí ẹ lọ kẹ́yìn, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ẹ ó tún padà lọ síbẹ̀?

Ẹ má fojú kéré ìbéèrè karùn-ún yẹn. Ìyá mìíràn wà tí wọ́n bú níwájú èrò nítorí pé káàdì rẹ̀ sọnù, kò sì padà lọ mọ́. Òmíràn wà tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná lálẹ́ ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un ṣáájú pé ó lè ṣẹlẹ̀, pé kì í sábà pẹ́ tó fi ń lọ. Òmíràn lọ, wọ́n ní àjẹsára ti tán. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já bọ́, àmọ́ ohun tó já wọn bọ́ kò dọ́gba.

Ìbéèrè kejì, ẹ̀yin ọkọ wa ni a fi ń pè. Ẹ wo abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Oṣù kẹwàá 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní Nàìjíríà, Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó kan Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Èkìtì ní 2024. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọ ń gbà á. Kíá ni ahesọ dé pé yóò dí ilé ọmọ. Irọ́ ni o. Ilé ọmọ gan-an ló wà fún. Bí ìyá bá wá fẹ́ ẹ, tí bàbá ní "ẹ má fún ọmọ mi," ìyá yẹn ni a ó kọ sílẹ̀ pé ó kọ̀, nígbà tó jẹ́ pé bàbá ni a kò bi. Òṣùwọ̀n tó yọ bàbá sílẹ̀ kò tíì kún.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ FỌWỌ́ SÍ

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀rọ̀ lásán kì í kún agbọ̀n. Ohun mẹ́rin la gbé wá síwájú yín lónìí.

Àkọ́kọ́, kí gbogbo ẹni tó ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì máa mú káàdì rẹ̀ bọ̀ ní ìpàdé oṣù mẹ́ta mẹ́ta. A kò ní pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Iye la máa kà: mélòó ló gba Penta àkọ́kọ́, mélòó ló gba ẹ̀kẹta, mélòó ló gba ti èéyi lẹ́ẹ̀mejì.

Èkejì, kí á béèrè ìbéèrè márùn-ún yẹn lọ́wọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀, ní ìsọ̀ rẹ̀, kó sì jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò bi í, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó bá ń béèrè kò gbọdọ̀ bá a jà, kò gbọdọ̀ wàásù fún un. Kó gbọ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó dúpẹ́.

Ẹ̀kẹta, bí Akápò ṣe ń ka owó fún wa, bẹ́ẹ̀ ni kí a máa ka iye yìí fún gbogbo ẹgbẹ́, ká mọ̀ bóyá à ń lọ síwájú tàbí à ń padà sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin, kí a fi ohun tí a bá rí ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ ọjà ló ń dí wa lọ́wọ́, Ìyálọ́jà yóò ṣíwájú wa lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, a ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí ọjọ́ padà tàbí kí wọ́n gbé àjẹsára wá sínú ọjà. Bó bá jẹ́ ẹ̀rù ni, a ó pe nọ́ọ̀sì tó ní sùúrù wá. Bó bá jẹ́ bàbá ọmọ ni, a ó wá àwọn ọkọ tó ti gbà láàárín yín kí wọ́n bá ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó fa àríyànjiyàn nínú ìgbìmọ̀ wa, a kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Àwọn kan ní kí a sọ ọ́ di òfin pé ẹni tí káàdì ọmọ rẹ̀ kò bá pé kò ní rí owó yá. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ṣe é nílẹ̀ Faransé náà nìyẹn, ó sì ṣiṣẹ́. A gbọ́ wọn, ire ọmọ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ọn, ìdí méjì ló sì wà. Ìyá tó ṣaláìní jù lọ, tó jẹ́ pé owó ọkọ̀ ló dí i lọ́wọ́, òun ni òfin yẹn yóò kọ́kọ́ mú, a ó sì tún gba owó yíyá lọ́wọ́ rẹ̀ kún un. Èkejì ni pé láti ọjọ́ tí a bá ti so káàdì mọ́ owó yíyá, òótọ́ kò ní jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn mìíràn á wá ẹni bá wọn kọ káàdì. Ẹ̀rù ẹgbẹ́ la ó máa wọ̀n nígbà náà. A fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé "ẹ̀rù ń bà mí" tàbí "ọkọ mi kò gbà," kí ó sì mọ̀ pé kò sí ohun tí yóò tìdí rẹ̀ yọ ju ìrànlọ́wọ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti já bọ́, ẹ gbọ́ èyí kí a tó jókòó: a kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọmọ dúró sí ni nọ́ọ̀sì yóò ti mú un lọ. Bí káàdì bá sọnù, ẹ lọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wo orúkọ ọmọ nínú ìwé ńlá wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá jágbe mọ́ yín, ẹ wá sọ fún wa, a ó bá yín padà lọ. Ìtìjú kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ fi ẹ̀mí ọmọ wewu.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ tó lè ka owó rẹ̀ láìsọ kọ́bọ̀ kan nù lè ka àwọn ọmọ rẹ̀ láìsọ ọ̀kan nù. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí ogun àbíkú, kí ó jẹ́ kí a jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mí ọdún, ká tún pàdé níhìn-ín nínú ayọ̀, pẹ̀lú káàdì tó kún àti ìwé ìfowópamọ́ tó kún.